Àdúrà fún Ọmọ Kan

Téèpù náà kò pàdé níbi tó ti máa ń pàdé. Ìyá Aránṣọ tún gbé e sókè díẹ̀, ó ti awò ojú rẹ̀ sí ibi tó yẹ, ó tún un wò. Ínǹṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá tó rán aṣọ fún àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìbàdí ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí. Ọrùn kò sanra, apá kò sanra. Ikùn nìkan ni.

"Ó jọ pé mo ti sanra," ni ọmọ rẹ̀ wí. Dígí ló ń wò, kò wo ìyá rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Aránṣọ ti ń wọn ara obìnrin. Oyún wo ló fẹ́ fara pamọ́ fún un? Ayọ̀ kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yọ̀ ọ́ síta, nítorí ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ti ń wá bàtà rẹ̀. Ká ní olórí akọrin kò pàṣẹ pé kí kálukú wá fúnra rẹ̀ wá wọn ara, ọmọ náà kò ní wá rárá.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ṣàdédé ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọmọ yìí kan náà ló bá a nílé ìdáná tó sọ fún un pé oyún òun ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá dì mọ́ ọn, ó búra. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tó fi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ aládùúrà orí fóònù: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ kan tí Olúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oyún ta lọ́rẹ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jáde o." Kò dárúkọ. Lójú tirẹ̀, àṣírí ti bò nìyẹn. Àfi bíi pé ó bímọ méjì, tí wọn kò fi ní mọ èyí tó ń wí! Obìnrin igba ó lé mọ́kànlá ló wà nínú ẹgbẹ́ náà, gbogbo wọn ló sì ṣe àmín, títí kan ẹni tó ti kó lọ sí ìlú mìíràn.

Oyún bàjẹ́ lóṣù kẹta. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀kan nínú wọn dá ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó lẹ́ṣẹ̀ tí kò tíì jẹ́wọ́. Òmíràn ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọlé, ó kọrin. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ìyá rẹ̀ bá bi í, "A dúpẹ́, mà" ni ìdáhùn.

"Oṣù mélòó ni?" Ìyá Aránṣọ bi í.

"Oṣù mélòó kí ni, mà?"

"Èmi ni mo bí ẹ o."

Ọmọ náà ti wọ bàtà kan, ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣáà gé e kó fẹ̀ dáadáa, mà."

"Ṣé torí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí náà ni? Àdúrà ṣáà ni mo ní kí wọ́n gbà! Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ọlọ́run nìkan ló yẹ kí ẹ sọ fún, Mọ́mì."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo, ẹni tó ń pariwo ṣeé bẹ̀.

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi Jésù búra."

"Ẹ búra nígbà yẹn náà, mà." Ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó lọ.

Inú kọ́kọ́ bí Ìyá Aránṣọ. Ta ló lóyún rẹ̀ fóṣù mẹ́sàn-án? Ta ló ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀? Ó mú fóònù, torí Ọjọ́rú ni, òun ló sì kàn láti fi ẹ̀bẹ̀ àdúrà ránṣẹ́. Ìka rẹ̀ ti kọ "Ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ kan" kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó wò ó. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó pa á rẹ́ lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó pa fóònù, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Olúwa," ó wí, ó sì dúró.

Ó ṣe díẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń dúró dè. Àmín ni. Ogún ọdún ló ti ń ṣíwájú àdúrà, ó mọ ibi téèyàn ti ń gbóhùn sókè kí wọ́n lè hó yèè, ó mọ ibi téèyàn ti ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè sunkún. Kò sẹ́ni tó máa hó níbí. Ó wá ọ̀rọ̀ kejì tì.

"Olúwa," ó tún wí, ohùn rẹ̀ rọra jáde, ó ń tijú, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.