Ìbéèrè Tí Wọ́n Ní Kí N Bi Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Àmọ́ Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, olùwádìí kan, gbé e wá láti Ìbàdàn, nínú ìwé ìbéèrè rẹ̀, lọ́dún tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló kú?

Àwa tíṣà ni hẹdimásítà ní ká máa bi àwọn àgbẹ̀ kòkó léèrè. Ẹni tí kò bá ṣe é, kó má padà sí kíláàsì mọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ibo ni mo tún ti fẹ́ ríṣẹ́?

Kọ́láwọlé kọ́kọ́ kọ́ wa níṣẹ́ ná. Ó mọ̀wé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣèwádìí, ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ tí a fi ń yan ọ̀nà náà. Kéèyàn máa lọ láti ilé dé ilé, kó máa béèrè ọ̀rọ̀, ọ̀nà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ bíbéèrè ló yẹ, ta ló yẹ kó béèrè, ṣé ìdáhùn náà á sì jẹ́ òótọ́? Ìmọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, mo sì rò pé òun náà gbà á gbọ́.

Nígbà tí wọ́n pín àdúgbò, agboolé ọkọ mi ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọdún kẹta rèé tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò tíì bímọ. Àwọn ẹbí ti ń sọ pé kí ọkọ mi fẹ́ ẹlòmíì. Ìyá ọkọ mi nìkan ló dúró tì mí. Ó sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ lé mi, kó kọ́kọ́ lé òun. Ìyá yìí sin ọmọ rí. Gbogbo wa la mọ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀. Ṣé èmi ni kí n wá jókòó níwájú rẹ̀, kí n máa ka òkú ọmọ?

Mo lọ bá Kọ́láwọlé. Mo ní kó rán ẹlòmíì, tàbí ká béèrè iye àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò ìyá dípò. Mo rán an létí ẹ̀kọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wa.

"Ìyẹn ti parí ní Ìbàdàn, ìyáàfin," ló wí. "Ọ̀nà nìkan la gbé wá síbí. Bí a bá yí ìbéèrè padà fún ilé kan, a ò ní lè fi wé tàwọn yòókù."

Ó ní òun á tẹ̀ lé mi, kí n má baà fo ìkankan. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Nígbà tí a dé agboolé, Kọ́láwọlé jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ń bẹ iṣu níwájú mi. Ó dáhùn ti oko tayọ̀tayọ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun tí kò mọ ewé kòkó yàtọ̀ sí ti obì ló ń béèrè oko. Nígbà tó kan ìbéèrè ọ̀hún, mo tún padà béèrè ti oko lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ́láwọlé húkọ́. Mo béèrè rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, mi ò gbójú sókè.

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

"Kọ ọ́ síbẹ̀," ló wí, "pé mi ò bí ẹnì kankan."

Ọkọ mi wà lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́. Kọ́láwọlé ní kí n kọ ohun tí ìyá sọ, mo sì kọ òdo. Ó ní mo béèrè rẹ̀ dáadáa. Inú bí mi débi pé ó ṣe mí bíi kí n ya ìwé náà mọ́ ọn lójú, ṣùgbọ́n mo rántí kíláàsì mi, mo pa á mọ́ra.

Ìyá kó iṣu rẹ̀ jọ. Kò pè mí ní ìyàwó mọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Ẹ máa lọ sí ulé yín."

Kọ́láwọlé dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ò mọ ibi tí mo máa lọ, nítorí ilé mi ni mo wà.