Reluwé Kì í Dúró

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wa reluwé tuntun. Bọ́ọ̀sì lèmi ń wà. Reluwé náà ò dé àdúgbò wa, torí náà bọ́ọ̀sì mi ló máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tí á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti sú mi jìnnà.

Mo ní, "Owó ojú irin yẹn ì bá ra ẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀sì."

Ó ní, "Kí lo mọ̀? Reluwé kì í dúró de ẹnikẹ́ni!"

Lánàá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há wa mọ́nà. Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá wọn ń pariwo pé èrò ti kún inú reluwé, awakọ̀ ni wọn ò rí.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, tẹná mọ́ ọn!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bùrọ̀dá mi. Ó ń dúró dè yín."