Bátìrì Inú Fírísà Àlàájà Àpìkẹ́

Ẹni tó kọ ìwé ìdánwò yẹn kò dé Òṣogbo rí. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn, n kò sì tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Bátìrì alùpùpù oníná la ń tò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, èmi Béjidé àti Kifayat, ẹnjiníà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tó jẹ́ ọ̀gá mi. Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà kan ní Iléṣà fẹ́ ra ogún lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, alága wọn, ní àfi tí a bá dán an wò nínú ooru àti nínú òtútù, bí ìwé kan tí òun rí lórí fóònù ṣe là á sílẹ̀. Bí a bá kùnà, Èkó ló máa lọ rà á. Bó bá sì lọ Èkó, a ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Ooru kò le. A gbé bátìrì lọ sí Ọ̀tan-Ilé, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò àwọn tó ń yan gààrí láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Ó gbóná, kò kú. Ìyá kan kàn gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ lé e lórí, kí ọbẹ̀ má baà tutù.

Òtútù ló wá kù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ìwé ní wákàtí mẹ́jọ nínú òtútù tó ń sọ omi di òkúta, ká má fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà kí ẹni tó fẹ́ rà á fi gun alùpùpù. Mo bi Kifayat pé ta ló fẹ́ gun ọ̀kadà nínú yìnyín láti Òṣogbo dé Iléṣà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìwé kì í gbọ́ àlàyé." Bí a ṣe gba ọ̀dọ̀ Àlàájà Àpìkẹ́ lọ nìyẹn, tó ń ta ẹja dídì ní Ọjà Ọba, tí fírísà rẹ̀ tóbi tó pósí méjì.

Àlàájà gbà, ṣùgbọ́n ó ní a gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ wẹ bátìrì náà ná, nítorí òun ò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Bátìrì kì í wẹ̀. A fi aṣọ nù ún níṣojú Àlàájà, a fi náílọ́ọ̀nù wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a tẹ́ ẹ sáàárín ẹja títù àti kótè, a sì fa wáyà rẹ̀ síta.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ní aago mọ́kànlá, wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ Àlàájà sì ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti inú oṣù ààwẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣí fírísà, ó bi mí bóyá ìdérí lòun ń tà. Nígbà tó fi máa di aago kan, omi ti ń jò lábẹ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń fi ìka tẹ ẹja wò bí ẹni tó ń ra búrẹ́dì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ bọ́ nítorí kótè.

Àlàájà wo inú fírísà, ó wò wá, ó ní kí gan-an ni nǹkan tí a gbé síbẹ̀ ń ṣe. Kifayat ní iná ló ń tọ́jú pamọ́.

"Iná wà nínú fírísà mi, ẹja mi sì ń yọ́ lójú mi?"

Kifayat ní ìwé sọ pé ká má fọwọ́ kàn án. Àlàájà ní kí ìwé wá ra ẹja náà tán. Mo sáré lọ gbé ínfátà wá, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé; ká má parọ́, kì í ṣe nítorí ìmọ̀, ojú tí Àlàájà fi wò mí ni. A so bátìrì mọ́ ínfátà, a so ínfátà mọ́ fírísà, fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó wá di pé bátìrì inú fírísà ló ń fún fírísà níná, fírísà náà ló ń mú bátìrì tutù. Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi, mo bá jókòó.

Aago mẹ́rin, Ògúndìran dé. Ìjẹ̀ṣà ni, kì í ra ohun tí kò bá yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi ojú tọ wáyà láti fírísà dé ínfátà, láti ínfátà padà sí fírísà, ó tún un tọ̀. A jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní ìyẹn kò sí nínú ìwé, ká yọ ọ́ síta kí òun gùn ún wò.

Àlàájà lọ dúró síwájú fírísà. "Ẹ fẹ́ gùn ún lọ síbo? Iná ò tíì dé."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kifayat kúnlẹ̀. Ògúndìran alára bẹ̀ ẹ́, ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Àlàájà fi Ọlọ́run búra pé láti ogún ọdún tí òun ti ń ta ẹja, òun ò tíì rí iná tí kì í ṣẹ́jú bí èyí, kò sì sí ẹni tó máa gbé e kúrò. Ogún bátìrì ń lọ lójú mi báyìí, mo sì ń bínú sí ẹja.

Ògúndìran wo obìnrin náà dáadáa. Ó na ọwọ́ sí Kifayat pé kó mú ìwé àdéhùn wá. "Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á lè parọ́ fún mi. Àlàájà ò bá yín tà á, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ ṣe ogún fún wa." Orí ìdérí fírísà ló ti fọwọ́ sí i. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Kifayat, tí mo fi ọdún mẹ́rìnlá jù lọ, ojú ò tì mí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, iná dé, a sì lọ gba bátìrì wa. Àlàájà ní òun ti mọ iná tó dé yẹn tipẹ́, kò lórúkọ rere. Ó kó páńlá méjì lé mi lọ́wọ́, ó ní ká lọ ṣe mọ́kànlélógún.