Ìlà Ara Pátákò Adúmáadán

Ọwọ́ ni obìnrin olùtọ́jú ẹṣin náà fi kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó ń ya gọ̀gọ̀ Adúmáadán láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni ìdì irun kan bá tẹ̀ lé kóòmù. Ó yíjú sí ìrù, ìrù ti rí ṣákálá bí ìgbálẹ̀ tó gbó.

Òun ló gbẹ̀bí abo ẹṣin dúdú yìí ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sì fi í ṣeré. Ó ti ń po pọ́dà kan mọ́ ọkà rẹ̀ tipẹ́ kí ara rẹ̀ lè máa dán. Nígbà tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í re, ó ra èkejì kún un. Nígbà tí pátákò sán yí ká, nítòsí ibi tí irun ẹsẹ̀ parí sí, ó fi ẹ̀kẹta lé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló máa ń bá wọn gé pátákò. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin náà lé itan, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ibi tó sán, ẹṣin sì já ẹsẹ̀ gbà.

"Àbúrò mi, èyí kọjá agbára fáìlì tí mo fi ń ha pátákò. Pe dókítà ẹranko."

Obìnrin ni dókítà náà, kò ju ọjọ́ orí àbígbẹ̀yìn olùtọ́jú ẹṣin lọ. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tí ẹṣin ń jẹ wá. Agolo pọ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ó ka ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mà, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ ń fún un pa pọ̀?"

"Láràárọ̀. Mi ò fi ohunkóhun dù ú."

Dókítà nàka sí ọ̀rọ̀ kan tó wà lára agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: sẹlíníọ̀mù. "Èròjà inú ilẹ̀ ni. Ẹṣin ò lè ṣe láìní in, àmọ́ èyí tó nílò lóòjọ́ ò tó ohun tó ń há sábẹ́ èékánná yín. Tó bá ti pọ̀ jù, inú irun àti pátákò ló ń wọ̀ lọ, wọn á wá di ẹlẹgẹ́. Kò sí ohun tó ṣaláìní, mà. Ó ti pọ̀ jù fún un ni."

Obìnrin náà jókòó sórí korobá. "Èmi ni mo ṣe é."

"O ò mọ̀ ni," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Ìwọ náà ṣáà lo máa ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé òótọ́ ni dókítà sọ. Wọ́n dá pọ́dà dúró. Ó ku koríko, ọkà díẹ̀ àti omi. "Èyí tó ti bàjẹ́ ò ní san," dókítà kìlọ̀. "Tuntun ló máa tì í jáde látòkè. Ẹ fún un ní bí ọdún kan."

Lẹ́yìn oṣù kan, olùtọ́jú ẹṣin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọ ẹsẹ̀. Láàárín irun àti ojú ibi tó sán, ó rí pátákò tuntun, tín-ín-rín bí etí aṣọ, dúdú, tó ń dán, láìní àbàwọ́n kankan. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ yẹn ṣí fìlà.

"Wo ìlà yìí," ó rọra sọ. "Ọjọ́ tí o dá pọ́dà dúró nìyẹn. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìgbà tí ibà dá ẹṣin yìí wó ṣáájú ìyẹn ni."

Ọdún mẹ́jọ ni obìnrin náà ti ń fọ ẹsẹ̀ wọ̀nyí, kò mọ̀ pé ìwé ló ń fọ̀. Gbogbo ohun tí ẹnu jẹ, ẹsẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀, bí ìgbín. Adúmáadán tiro fún oṣù mẹ́rin, wọ́n fi rọ́bà àti aṣọ wé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá tí wọ́n ti dá pọ́dà dúró, ẹ̀gbọ́n gé èyí tó kẹ́yìn lára pátákò àtijọ́ dànù. Ẹṣin náà rìn já sórí òkúta àgbàlá, kò tiro mọ́.

"Kí lo tún ń wò?" ẹ̀gbọ́n bi í.

Obìnrin náà ti kúnlẹ̀, ó fi ìka kan síbi tí irun ti pàdé pátákò, níbi tí pátákò mìíràn ti ń yọ bọ̀ láìsí ẹni tó rí i.