Ẹni Tó Ń Pa Ooru Ilé Màmá Raina

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ sílé Màmá Raina Docheva kí n tó gbà pé orí obìnrin náà pé. Títí di òní, inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí, kì í sì í ṣe ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ ń bínú sí. Ara mi ni.

Zdravka lorúkọ mi. Iṣẹ́ iná ni mo kọ́ lọ́wọ́ bàbá mi ní ìlú Gabrovo níbí, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ohun tí àwọn èèyàn ń pè mí sí jù ni àwọn ẹ̀rọ ilé tó ń gba àṣẹ láti orí fóònù: gílóòbù tó ń tàn fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń ti ara rẹ̀, ohun kékeré kan tí a ń dè mọ́ irin amúlégbóná kó lè máa mú ooru pọ̀ sí i tàbí kó dín in kù. Àwọn ará ìlú wa fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí ahun ni wá. Àwa náà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé à ń gé ìrù ológbò kí ilẹ̀kùn lè tètè padé lẹ́yìn rẹ̀, kí ooru má baà jáde.

Oṣù kẹwàá ni Plamen Dochev wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkùnrin tó ń lọ sí àádọ́ta ọdún ni, ó ní ilé iṣẹ́ ìlapákó lọ́nà Sevlievo, ẹ̀rín ò sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá òun, ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ló ń dá gbé nínú ilé àwọn lókè odò Yantra, ọkàn òun ò sì balẹ̀.

Mo kó oríṣi méjì síwájú rẹ̀.

"Àpótí tèyí á wà nínú ilé," mo ní. "Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ilé á ṣì máa ṣiṣẹ́. Èyí kejì, ọ̀nà jíjìn ni gbogbo àṣẹ rẹ̀ ń gbà. Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú, òun náà kú nìyẹn."

"Èyí kejì ni kẹ́ ẹ fún mi, màdáámù. Mo fẹ́ máa bójú tó wọn láti ibi iṣẹ́."

Mo rò pé ọmọ gidi ni. Mo gun òkè lọ, mo fi ọjọ́ kan de ẹ̀rọ mọ́ irin amúlégbóná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo pààrọ̀ gílóòbù, mo ṣe ilẹ̀kùn, mo fi kámẹ́rà sí òkè rẹ̀. Màmá ń se ẹ̀wà nílé ìdáná. Ó fún mi ní kọfí, mo mu ún, mo fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Orúkọ Plamen ni mo fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé lórí ẹ̀rọ. Fóònù Màmá, mo fi í sí abẹ́ àlejò. Mo sọ obìnrin di àlejò nínú ilé tí wọ́n bí i sí, mo kó irinṣẹ́ mi, mo sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kọkànlá ni Màmá kọ́kọ́ pè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ilé mi ti di yìnyín. Ooru kàn ń lọ fúnra rẹ̀ ni."

Mo lọ. Mo pààrọ̀ gbogbo bátìrì, mo dúró fún wákàtí kan gbáko, kò sí ohun tó ṣe é. Kò pẹ́ tó tún pè. Iná yàrá ìjẹun ń ṣẹ́jú lọ́sàn-án gangan, ó ń kú, ó ń tàn, bí ẹni ń fojú pe èèyàn. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn fíríìjì, mo nu gbogbo ètò orí àwọn ẹ̀rọ náà dànù, mo tún wọn tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Plamen náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó gbé bánítsà wá, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi wàràkàṣì sí nínú, ó ń gé e fún wa. Ní gbogbo ìgbà tó fi jókòó, iná ò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

"Màmá," mo ní, ó sì ti ń sú mi, "ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń tẹ nǹkan kan lórí fóònù yín láìmọ̀?"

"Orí fíríìjì ni fóònù mi wà. Àfi tí fíríìjì bá lọ́wọ́."

Plamen fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan, wọ́n á sì máa ní ẹ̀rọ ni. Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rọ yín ò lábùkù. Ẹ̀yin náà á fi dáàbò bo ara yín."

Mo kọ ọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ: ẹ̀rọ ò lábùkù, ẹni tó ń lò ó ni kò mọ̀ ọ́n lò. Mo fọwọ́ sí i, mo lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ ọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, yìnyín ti bo ilẹ̀, aládùúgbò Màmá pè mí. Ó ní Màmá jáde sí àgbàlá láti gbọn èérún búrẹ́dì dànù fún àwọn ẹyẹ, ilẹ̀kùn sì ti ara rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Sálúbàtà ilé ló wọ̀, kò ní kóòtù lọ́rùn. Ó kan ilẹ̀kùn, ó pariwo, kò sẹ́ni tó gbọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí aládùúgbò náà fi máa sáré dé, ilẹ̀kùn ti ṣí padà fúnra rẹ̀.

Mo gun òkè náà pẹ̀lú ìbínú. Mo ti to ìbáwí sẹ́nu: kí ni màmá àgbà ń wá lọ síta láìmú fóònù dání? Nígbà tí mo wọlé, ó jókòó sí ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú bàsíà omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, méjì nínú ọmọ ìka rẹ̀ ti wú, wọ́n sì dúdú. Ìbáwí tí mo tò, mo gbé e mì.

"Jókòó," ó ní. Kò kí mi. "Ṣé o mọ iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì?"

"Rárá, Màmá."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? O ò bi mí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo lò níbi iṣẹ́ tẹlifóònù. Tí wáyà bá ń ṣàìsàn, èmi ni wọ́n ń pè. Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé kí a máa kọ aago sílẹ̀."

Ó ti ìwé kan sí mi. Ìwé ọmọ iléèwé ni, tí wọ́n fa ìlà sí. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìgbà mọ́kàndínlógún, ọjọ́ àti aago, èyí tó jẹ́ ti ooru, èyí tó jẹ́ ti iná.

"Wò ó dáadáa. Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Túsìdeè, aago mẹ́ta. Máa kà á lọ. Ṣé o rí Sátidé kankan? Ṣé o rí Sọ́ńdè? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí Plamen jókòó síwájú mi níbí? Ọmọ mi, àìsàn wáyà kì í wo aago. Kì í gba ìsinmi. Òṣìṣẹ́ ló ń gba ìsinmi."

"Màmá, ẹ̀ ń sọ pé..."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Ìwọ lo dè é mọ́ ilé mi. Wò ó."

Plamen ti gbàgbé láti yọ mí kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà mo ṣì lè wọlé. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi sórí tábìlì, láàárín ìgò àti àwo. Gbogbo àṣẹ tí ilé náà gbà ló wà níbẹ̀, àti ibi tó ti wá. Èmi tí mo ti ń dá obìnrin yìí lẹ́bi láti oṣù tó kọjá, mi ò wo ibẹ̀ rí. Màmá ń ka ìwé tirẹ̀ sókè, èmi ń wo tèmi.

"Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá kọjá ogún."

"Pa ooru. Fóònù Plamen."

"Túsìdeè, aago mẹ́ta."

"Pa ooru. Fóònù Plamen."

Nínú mọ́kàndínlógún, méjì péré ni bátìrì tó kú lóòótọ́. Mẹ́tàdínlógún yòókù, ọwọ́ èèyàn ni. Nígbà tí a dé àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo rí àṣẹ tó ti ilẹ̀kùn, mo rí èyí tó ṣí i, láàárín wọn mo sì rí i pé Plamen ṣí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ó ń wò ó. Ó jókòó síbi tó gbóná, ó ń wo ìyá arúgbó bó ṣe ń fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn.

Mo dìde. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ìlapákó. Mo fẹ́ bá a wí kó yé e."

"Padà síbẹ̀, jókòó! Tó o bá pariwo mọ́ ọn báyìí, á nu gbogbo rẹ̀ kúrò kó o tó délé. Tẹ̀ ẹ́ jáde ná." Ó wá fa ìwé mìíràn yọ lábẹ́ àwo. "Tọ́sìdeè, obìnrin kan ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ láti wá wò bóyá mo ṣì lè dá gbé. Plamen ló kọ̀wé sí wọn. Ó fi èyí tì í lẹ́yìn. Ṣé òǹtẹ̀ rẹ nìyí?"

Mo wò ó. "Òǹtẹ̀ mi ni, Màmá."

"O mọ ìwé kọ."

Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Plamen ló ṣáájú wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, Ìyáàfin Vaneva ti ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú fáìlì. Nígbà tí Plamen rí mi, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, oníná wa náà ti dé. Ó dáa, wọ́n á lè sọ fún yín fúnra wọn."

"Mo máa sọ," mo ní. Mo sọ fún Ìyáàfin Vaneva pé irọ́ ni ìwé tí mo fọwọ́ sí, pé mi ò wá ìdí ọ̀rọ̀ kí n tó lu òǹtẹ̀. Mo gbé ìwé Màmá àti èyí tí mo tẹ̀ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Obìnrin náà wọ gíláàsì rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára.

Plamen rẹ́rìn-ín. "Mo kàn ń dán an wò ni. Ṣé kéèyàn má dán ohun tó rà wò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún?" Ìyáàfin Vaneva bi í.

"Bóyá... ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló mú fóònù mi. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn, olè ni wọ́n."

"Olè yẹn mà láàánú o," ni Màmá wí. "Ó jí fóònù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ó sì dá a padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Kò ta á, kò fi pe ọ̀rẹ́bìnrin. Ó kàn fẹ́ kí òtútù mú mi."

"Màmá, ẹ fara balẹ̀. Torí ire yín ni. Àwọn tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbí ò ní dúró dè wá títí..."

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò gbọ́ nípa òtẹ́ẹ̀lì kankan rí ṣáájú ìgbà yẹn, Màmá náà kò gbọ́ pé Plamen fẹ́ ta ilé náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó sì dìde lórí ẹsẹ̀ tí a fi aṣọ dì.

"Ìwọ tí mo fọ ìdí rẹ! Nígbà tí ìyá rẹ wà lọ́sibítù, ta ló fi ṣíbí bọ́ ọ nínú ilé ìdáná yìí? Tó o bá fẹ́ ilé, o ò lẹ́nu ni? O ò lè wá síbí kó o sọ pé, 'Màmá, ilé yìí wọ̀ mí lójú'? Èmi ì bá sọ pé rárá, ìwọ ì bá gbọ́ rárá, ká jọ jẹun ká túká! Ṣùgbọ́n o fẹ́ kí n gbà pé mo ya wèrè. Mo dúró nínú yìnyín, mò ń bi ara mi pé ṣé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yìí. Ìwọ ń wò mí! Ò ń mu kọfí, ò ń wò mí!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níwájú àlejò..."

"Àlejò? Èmi ni àlejò! Ó wà lórí fóònù rẹ. Jáde nílé mi."

Plamen yíjú sí Ìyáàfin Vaneva bí ẹni ń retí pé ó máa gbèjà òun. Obìnrin náà ti pa fáìlì dé. "Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ní kẹ́ ẹ jáde," ló sọ. "Èmi ń mú ìwé méjèèjì yìí lọ. Ẹ máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa."

Ó lọ. Látìgbà náà ni Plamen ti ń sọ kiri Gabrovo pé mo máa ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ìdílé oníbàárà mi. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo pàdánù nítorí rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá pè é, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹjọ́ náà ṣì ń fà nílẹ̀ bí okùn tútù. Ìyẹn náà ń bí mi nínú. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe, ó ṣòro kéèyàn fi òfin tọ́ka sí i: kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni, ó kàn tẹ fóònù ni.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Màmá ní kí n wá. Mo rò pé ó fẹ́ kí n tú gbogbo ẹ̀rọ náà dànù. Ó ní rárá.

"Ẹsẹ̀ mi ò dára mọ́, mo fẹ́ràn kí ooru ti gbóná kí n tó jí. Ṣùgbọ́n èyí tí àpótí rẹ̀ ń gbé inú ilé ni mo fẹ́. Orúkọ mi ni kó o fi sí i. Ilẹ̀kùn, mú irin gidi wá, tó ní kọ́kọ́rọ́ tí mo lè fi sápò. Kámẹ́rà yẹn, yọ ọ́ níṣojú mi."

Mo yọ ọ́. Mo kọ́ ọ bó ṣe máa wo àkọsílẹ̀ àṣẹ fúnra rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n kíá ju ọ̀pọ̀ ọmọ ogún ọdún lọ. Nígbà tí mo parí, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí."

Ó ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà. Kò wò mí.

"Òun, mo mọ̀ pé ojúkòkòrò wà lára rẹ̀ láti kékeré. Ìwọ ni mo gbà pé o mọ iṣẹ́. Nítorí náà, ìwọ ni mò ń bínú sí jù. Bóyá títí ọdún Àjíǹde, inú mi á ti rọ̀. Jẹun, kó o máa lọ."

Mo jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí lọ sí Tryavna. Ó fẹ́ kámẹ́rà mẹ́ta nínú ilé àti ilẹ̀kùn tó máa gba àṣẹ láti orí fóònù òun nìkan. Mo ní kó pe ìyàwó rẹ̀ wá kí n bi í bóyá ó fẹ́. Ó ní, "Kí ló kàn án? Èmi ni mò ń ra nǹkan." Obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. Mo kó irinṣẹ́ mi padà sínú àpò. Kí n tó jáde, mo lọ bá obìnrin náà níbi tó dúró sí, mo sì fi káàdì mi lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ọkọ rẹ̀.