Òwú Búlúù Nínú Ike Mẹ́rin

Iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń ròyìn nídìí oúnjẹ. Ìgbẹ́ ni mò ń wò. Mo máa ń sọ ọ́ ṣàkó bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí yóò bá sá tètè sá. Ní ilé ìwádìí àrùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ń sin ẹ̀fọn, àwọn kan ń sin ìgbín odò, èmi ni wọ́n gbé aràn inú lé lọ́wọ́. Ẹ má ṣàánú mi. Ẹyin aràn lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rẹwà ju ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ lọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àdúgbò tí wọ́n ti bí mi gan-an ni wọ́n yàn fún ìwádìí wa. A pín ike kékeré onídèérí láti ojúlé dé ojúlé, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti fi ohun tí a fẹ́ sínú rẹ̀, wọn á dá a padà, a ó tẹ díẹ̀ sórí gíláàsì, a ó sì wò ó bóyá ẹyin aràn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní i á gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo àdúgbò ló gba ike. Bàbá mi nìkan ló kọ̀ jálẹ̀.

Télọ̀ ni bàbá mi. Tẹ́lẹ̀, tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, orin á máa lọ, ẹnu rẹ̀ á sì máa bá gbogbo ẹni tó ń kọjá jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, orin ti dákẹ́. Ó ń rán ìlà kan, á sinmi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ṣì, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun nínú, tí ó bá sì dìde lójijì, á di ògiri mú bí ẹni pé ògiri náà ló fẹ́ ṣubú. Ó ní oko àgbàdo kékeré kan lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn níbẹ̀ tòwúrọ̀ tìrọ̀lẹ́.

“Bàbá, ẹ wọ bàtà.”

“Bàtà wo? Ilẹ̀ tó ń bọ́ mi ni kí n máa fi bàtà tẹ̀ mọ́lẹ̀?”

Mo gbé ike fún un, ó tì í padà sí mi lọ́wọ́. “Ìwọ tí mo nù nídìí, ìwọ ni wàá wá máa wo tèmi? Ayé ò ní dorí kodò lójú mi.”

“Ẹlòmíì ló máa wò ó.”

“Ṣé ìwọ àti ẹlòmíì yẹn ò jọ ń jẹun ọ̀sán ni? Gba ike rẹ. Ọjọ́ orí ló ń ṣe mí.”

Ilé ìwòsàn ńkọ́? Kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò sì padà wálé mọ́, bàbá mi ò bá oníṣègùn kankan ṣeré. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Òun nìkan ló kù fún mi, ó sì ń ṣá lójú mi, èmi tí mò ń wá àìsàn kiri lára ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ike ilé Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ dé orí tábìlì mi. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, ó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ti télọ̀, àwọn méjèèjì jọ ń ta ayò dírááfù, wọ́n sì jọ ń rẹ́ ara wọn jẹ. Ike mẹ́rin: tòun, ti ìyàwó rẹ̀, ti ọmọbìnrin rẹ̀, àti ti ọmọ ọwọ́ tí ọmọbìnrin náà bí.

Mo wo àkọ́kọ́. Ẹyin aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mo wo ti ìyàwó, bákan náà. Ti ọmọbìnrin, bákan náà. Mo gbé ti ọmọ ọwọ́, mo sì rí èèpo àgbàdo.

“Ọ̀gá,” mo pè, “ẹ wá wo ọmọ tí kò tíì hu eyín tó ń jẹ àgbàdo.”

Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tí ó bá rí aràn tó sanra. Ó fi ojú sí awò. “Bóyá ó gbé e mì.”

“Ẹsẹ̀ ni aràn yìí ń gbà wọ ara látinú ilẹ̀. Ọmọ yìí ò tíì sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe fún gbogbo ilé! Ta ni ọlọ́làwọ́ yìí?”

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín lọ, àfi ìgbà tí mo sún gíláàsì náà díẹ̀ tí mo rí òwú. Òwú búlúù, tínrín, kò gùn ju èékánná lọ. Mo sáré padà sí àwọn mẹ́ta yòókù. Òwú búlúù wà nínú gbogbo wọn.

Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu. Bàbá mi kì í fi sísọ́ọ̀sì gé òwú. Eyín ló fi ń gé e, ó sì ń gbé ìyókù mì. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, tí ó bá ti rí i tó gbé òwú sẹ́nu, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n ọkọ rẹ̀, á ní, “Tu ú síbí.” Bàbá mi á sì tu ú sí i lọ́wọ́ bí ọmọdé. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, kò sẹ́ni tó ń tẹ́wọ́. Lóṣù yẹn gan-an, aṣọ ilé ìwé búlúù ló ń rán.

“Kí ló dé?” Ọ̀gá bi mí.

“Òórùn ni.”

“Òórùn? Láti ìgbà wo?”

Mo gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ń fi ayùn irin pa eyín kọ́kọ́rọ́ kan.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ yín tó ti ń jẹ àgbàdo.”

Ayùn dúró. “Ṣé ẹ̀rọ yín ń rí àgbàdo ni?”

“Ó ń rí òwú náà.”

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó wo òdìkejì ọ̀nà níbi tí bàbá mi ti tẹ orí mọ́ iṣẹ́, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ wa, má pariwo. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó fi aṣọ funfun wé e bí ẹni gbé ẹ̀bùn wá. Ó ní kí n fi orúkọ mi gbé e lọ. Tí ohun burúkú bá wà níbẹ̀, èmi ni kí n kọ́kọ́ gbọ́, kí n wá sọ fún òun. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwọ ni wàá kọ́kọ́ rí i. Ó ní ẹkún tí o sun nígbà ìyá rẹ ti tó.”

Mo jókòó lórí àpótí rẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí bàbá mi, mo rò pé ojú ló ń tì í. Mi ò mọ̀ pé èmi ló ń ṣọ́.

Mo ní, “Ike mẹ́ta yòókù ńkọ́?”

Ó wo ilẹ̀. “Ìyàwó mi lóun ò ṣe. Ọmọ mi lóun ò ṣe. Mo wo ti bàbá rẹ, ó pọ̀. Mo pín in.”

“Ẹ pín in!”

“Ṣé kí ó ṣòfò ni?”

Mo bá a dá májẹ̀mú lójú ẹsẹ̀: ilé rẹ̀ á gba ike tuntun, kálukú á sì fi tirẹ̀ síbẹ̀, èmi náà ò ní tú àṣírí télọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá àwọn méjèèjì nídìí dírááfù. Mo dúró gbọnin bí ẹni tí ìjọba rán wá. “Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́, àyẹ̀wò yín ti jáde. Aràn tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ni.”

“Yéè!” Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ di àyà mú.

“Inú ni aràn ń gbé, Bàbá.”

Ó sún ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ dírááfù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ ọ́ sílẹ̀, kò sì gbé e síbì kan.

“Ẹni náà,” ó ní, “ṣé ó máa yè é?”

“Á yè é, Bàbá.” Mo yọ oògùn jáde nínú àpò mi. “Kò tiẹ̀ sún mọ́ ikú rárá. Aràn yẹn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Kó lo oògùn yìí, kó máa fi èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá tẹ̀ lé e, kó sì máa wọ bàtà lọ sóko.”

Bàbá mi mí kanlẹ̀. Ó gbé ọmọ dírááfù rẹ̀ síbi tí kò tọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi ojú fò ó. Mo kó oògùn sórí tábìlì, mo ní mo fẹ́ lọ wo àgbàdo lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo padà dé, omi ti tán nínú ife bàbá mi, Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ sì ń nu ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn kíkorò. Òṣèré burúkú ni ọkùnrin yẹn.

Orin padà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n, ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń kọjá sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ra bàtà òjò pupa kan tó ń wọ̀ sóko. Ó ní nítorí ejò ni.

Nígbà tí àkókò àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì tó, ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi ṣí, bàbá mi wọlé nínú aṣọ ìjáde, ìdì funfun kan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀,” ó ní. “Wò ó dáadáa. Má fojú ọmọ wò ó.”

Ó jókòó tì mí. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Mo tẹ òmíràn sórí gíláàsì, mo tún wò ó.

“Kò sí ẹyin kan ṣoṣo níbẹ̀, Bàbá. Òwú nìkan ni mo rí. Àwọ̀ ewé.”

“Òwú?”

“Ti tẹ́lẹ̀ búlúù ni.”

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. “Nínú ike Oníkọ́kọ́rọ́?”

“Nínú ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé wọn. Tọmọ ọwọ́ náà wà níbẹ̀.”

“Mẹ́rin kẹ̀? Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fún un!”

Ẹ̀rín gbé bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín débi tí Ọ̀gá fi yọjú tó tún padà. Ó nu omijé ojú rẹ̀, ó sì rí òwú kan tó já létí ọwọ́ aṣọ iṣẹ́ mi. Kò lè rí òwú tó já kó fi í sílẹ̀. Ó tẹrí ba, ó fi eyín gé e.

Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

“Ẹ tu ú síbí.”

Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi, ó sì tu òwú náà sí mi lọ́wọ́.