Màmá Ẹ-kú-iṣẹ́

"Ẹ̀rọ wa kì í ní kí èèyàn lọ sílé ìwòsàn!" Ọ̀gá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pariwo bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣé yóò tún rántí wa? Ẹ tù wọ́n nínú, kí wọ́n lè tún padà wá. Àwọn tó fẹ́ fowó sí iṣẹ́ wa ti ń bọ̀ o. Ẹ má dójú tì mí."

"Ó ti yé wa, sà."

Ẹ̀rọ wo? Kò sí ẹ̀rọ kankan. Lórí fóònù àwọn èèyàn, wọ́n ní ẹ̀rọ tó gbọ́n bíi dókítà ni. Nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yìí, obìnrin méjì tí kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn rárá ló ń tẹ èsì sí àwọn aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ọ̀gá ti ń sọ pé òun máa ṣe ojúlówó ẹ̀rọ náà, àmọ́ ẹnu lásán ló fi ń ṣe é. Èyí àgbà nínú àwọn obìnrin náà mọ̀ pé irọ́ ni, ó kàn ń pa á mọ́ra. Ìyá rẹ̀ ti ròyìn kárí àdúgbò pé ọmọ òun ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gba aláìsàn là, kò sì rójú sọ òótọ́ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, oníbàárà yín ti dé o," èkejì rẹ̀ sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá Ẹ-kú-iṣẹ́."

Orúkọ ẹnikẹ́ni kì í hàn sí wọn. Àwọn méjèèjì ló sọ ìyá náà lórúkọ bẹ́ẹ̀, torí kò ní béèrè ohunkóhun láìkọ́kọ́ kí ẹ̀rọ. Wọ́n ti fi í rẹ́rìn-ín títí. Èyí àgbà ṣí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀rọ. Ẹ má bínú pé mo tún dé. Mo sinmi bí ẹ ṣe ní kí n sinmi, àmọ́ kókó inú ọmú mi yẹn ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọmọ mi wà lára àwọn tó ṣe yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Iyùn gbọ́, ọkàn rẹ̀ kò ní gbà á."

Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Iyùn.

Ó wo òkè ọ̀rọ̀ náà, ó rí èsì àtẹ̀yìnwá: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa sinmi, ẹ máa mu omi dáadáa." Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó lọ kí ìyá rẹ̀ kẹ́yìn, ọwọ́ kan ni ìyá fi ń sá aṣọ. Ó bi í léèrè, ìyá ní òun sùn lé apá ni, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ẹkún kọ̀, kò wá.

Ọ̀gá tún yọjú. "Kí lò ń wò? Àwọn àlejò ti jókòó sí yàrá kejì, gbogbo ohun tó o bá tẹ̀ ni wọ́n ń rí lára ògiri. Dá màmá yẹn lóhùn, kó dùn létí!"

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Màámi, èmi Iyùn ni. Kò sí ẹ̀rọ níbí. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sinmi. Ẹ múra, mò ń bọ̀ wá gbé yín lọ sílé ìwòsàn."

Ẹ̀rín àwọn àlejò tó ń dún láti yàrá kejì dáwọ́ dúró. Ọ̀gá ń pè é, ó dìde. Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká nígbà tí èsì wọlé.

"Iyùn? Ṣé ìwọ lo ti ń dá mi lóhùn látọjọ́ yìí?"

Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ "Èmi ni, Màámi," ó sì sáré jáde.